Ẹ̀kọ́ Iná ní Iléèwé: Kí Ni Ìṣirò àti Yorùbá Ń Wá Níbẹ̀?

Bí ọ̀gá iléèwé bá sọ níbi ìpàdé òbí àti olùkọ́ pé láti táàmù yìí lọ, ẹ̀kọ́ nípa ewu iná yóò máa wọnú gbogbo iṣẹ́ tí àwọn ọmọ ń ṣe ní kíláàsì, ohun tí òbí máa ń kọ́kọ́ bi í ni pé, "Ṣé ẹ tún fẹ́ fi ìwé mìíràn kún ẹrù ẹ̀yìn ọmọ ni?" Olùkọ́ náà á máa kùn pé síláábọ̀ọ̀sì tó wà nílẹ̀ kò tíì tán, àti pé kí ni iná ń wá nínú ìṣirò. Èmi ò dá ẹnì kankan lẹ́bi nínú wọn, torí bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ̀rọ̀ náà rú ni lójú. Mo fẹ́ ṣàlàyé rẹ̀ fún àwa tí a ní ọmọ ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ níbí, látorí ohun tí à ń rí nílé ìdáná wa lójoojúmọ́.

Kò sí ìwé tuntun, kò sì sí wákàtí tuntun lórí taìmù-tébù. Ìbéèrè tó wà nínú ọ̀rọ̀ iná ló pọ̀, kò sì sí iṣẹ́ ìwé kan tó lè dáhùn gbogbo rẹ̀ tán. Kí ló ń mú iná jó? Èwo ni omi ń pa, èwo ni omi ń ràn lọ́wọ́? Ta ni mo máa pè, kí ni mo máa sọ tó máa fi mọ ilé wa? Ibo ni mo máa gbà jáde bí èéfín bá bo pálọ̀? Sáyẹ́ǹsì mọ ìdí tí omi àti òróró gbígbóná kò fi gbọdọ̀ pàdé, ṣùgbọ́n sáyẹ́ǹsì kì í kọ́ ọmọ bí a ṣe ń júwe ilé. Iṣẹ́ Yorùbá nìyẹn. Yorùbá náà kò lè sọ iye ìṣẹ́jú tí ọkọ̀ panápaná máa lò kó tó dé, ìṣirò ló ni ín. Olùkọ́ kọ̀ọ̀kan yóò mú apá tó jẹ́ tirẹ̀, nínú ẹ̀kọ́ tó ti fẹ́ kọ́ tẹ́lẹ̀. Ẹni tó ń kọ́ wọn ní ìsọdipúpọ̀ àti pínpín yóò máa kọ́ ọ lọ. Ohun tí wọ́n ń pín nìkan ló yí padà.

Àwọn kan á ní kí la ń da ara wa láàmú sí, ṣebí kí a sáà kìlọ̀ fún ọmọ pé kó má fọwọ́ kan iná. Ìkìlọ̀ yẹn dára fún ọmọ ọdún 4. Ṣùgbọ́n ẹ wo inú ilé wa. Ọmọ ọdún 10 ní Ìlódè tàbí Sábó ló ń bá ìyá rẹ̀ tan sítóófù ní ìrọ̀lẹ́. Òun ló ń lọ ra kẹrosíìnì. Nígbà tí wọ́n bá mú iná lọ, òun ló ń tan àbẹ́là kó lè parí iṣẹ́ àṣetiléwá. A ti fi iná rán an níṣẹ́ tán, a ò sì sọ nǹkan kan fún un nípa iná. Fún àwọn ọmọ kéékèèké, láti nọ́sìrì títí dé kíláàsì kẹta, ọ̀rọ̀ méjì tó: bí o bá rí ìṣáná nílẹ̀, má mú un, pe àgbà, bí o bá rí iná tàbí èéfín níbi tí kò yẹ kó wà, jáde, má sá pamọ́. Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn ṣe pàtàkì gan-an ni, torí ọmọ kékeré tí ẹ̀rù bá ń bà a máa wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì tàbí inú kọ́bọ́ọ̀dù, ibẹ̀ ni ẹni tó ń wá a kò sì ní tètè rí i. Láti kíláàsì kẹrin sókè ni kí a wá máa sọ ìdí fún wọn.

Sáyẹ́ǹsì ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo rẹ̀, torí ojú ni ọmọ fi ń rí i. Olùkọ́ á to àbẹ́là mẹ́ta tí wọn ò ga jura wọn lọ sínú àwo tó ní iyanrìn, òun fúnra rẹ̀ ló máa ṣáná sí wọn. Ọmọ kankan ò ní fọwọ́ kan ìṣáná. Á mú ife onígíláàsì kékeré kan àti ìgò ẹlẹ́nu gbòòrò tó tóbi jù ú lọ. Kó tó da wọ́n bo àbẹ́là méjì, kó ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ èyí tó rò pé ó máa kọ́kọ́ kú. Kíláàsì á pín sí méjì, ariwo á sọ. Lẹ́yìn náà, gbogbo wọn á dákẹ́, wọ́n á máa wo ife kékeré náà: ọwọ́ iná rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í rẹlẹ̀, á kù bíńtín, á di búlúù ní ìdí òwú, èéfín funfun tẹ́ẹ́rẹ́ kan á sì yọ lọ sókè. Ó ti kú nìyẹn. Èyí tó wà nínú ìgò ńlá á tún jó díẹ̀ sí i kó tó tẹ̀lé e. Ẹ̀kẹta tí wọn ò da nǹkan bò ń jó lọ ní tirẹ̀.

Kò sẹ́ni tó fẹ́ ẹ, kò sẹ́ni tó da omi sí i. Kí ló wá pa á? Nínú afẹ́fẹ́ tí à ń mí, nǹkan bí ìdá 21 nínú ọgọ́rùn-ún ni ọ́síjìn, òun sì ni iná ń lò. Iná kò tilẹ̀ ní lò ó tán kó tó kú. Bó bá ti dín kù dé ibì kan, kò lè jó mọ́. Láti ibẹ̀ ni ọmọ á ti mọ̀ pé ohun mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ pé kí iná tó lè wà: ohun tó ń jó, ooru tó tó, àti afẹ́fẹ́. Mú ọ̀kan kúrò, iná kú. Ìgbà tó bá yé e tán ni gbogbo ohun tó ti ń rí nílé látọjọ́ yìí máa ní ìdí. Ìyá rẹ̀ fi ọmọrí bo ìkòkò tó gbaná: ó gba afẹ́fẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Bàbá rẹ̀ yí orí ṣilíńdà gáàsì pa: ó gba ohun tó ń jó kúrò ni. Wọ́n bu omi sí ẹ̀yinná tó kù lábẹ́ ààrò: ooru ni wọ́n mú kúrò.

Ibẹ̀ náà ni a ó ti tú ohun tó ń rú àgbà pàápàá lójú, ìyẹn ọ̀rọ̀ omi. Gbogbo wa la gbà pé omi ni ọ̀tá iná, bẹ́ẹ̀ sì ni, bó bá jẹ́ igi, bébà, aṣọ tàbí koríko ló ń jó. Ṣùgbọ́n òróró tó gbaná nínú agbada dòdò tàbí àkàrà ti gbóná ju ìwọ̀n 300 sẹ́ńtígíréètì lọ, nígbà tó jẹ́ pé 100 péré ni omi fi ń hó. Omi wúwo ju òróró lọ. Bí o bá dà á sí i, ìsàlẹ̀ ló ń lọ, ibẹ̀ ló sì ti máa di ooru omi gbígbóná lẹ́ẹ̀kan náà. Omi tó bá di ooru báyìí a máa fẹ̀ tó nǹkan bí ìlọ́po 1,700. Kò sí àyè fún un nínú agbada, nítorí náà ó máa gbé òróró tó ń jó náà sókè, á fọ́n ọn ká gbogbo ilé ìdáná, títí kan ojú ẹni tó da omi.

Kí olùkọ́ ìṣirò gbà á níbẹ̀ yẹn. Ife omi kan jẹ́ ìdámẹ́rin lítà. Ìdámẹ́rin lítà lọ́nà 1,700 jẹ́ lítà 425. Kẹ́ẹ̀gì omi tí wọ́n ń gbé lọ sí ẹnu ẹ̀rọ ní àràárọ̀ gba lítà 20. Kẹ́ẹ̀gì mélòó ni lítà 425 máa kún? Ó ju 21 lọ. Ọmọ tó bá ti ru kẹ́ẹ̀gì omi kan ṣoṣo rí mọ ohun tí 21 túmọ̀ sí, kò sì ní gbàgbé mọ́ pé ife omi kan ló bí gbogbo rẹ̀. Ọmọrí ìkòkò tàbí àwo pẹrẹsẹ tó tóbi ni wọ́n ń fi bo agbada tó gbaná, wọ́n á pa iná abẹ́ rẹ̀, wọn ò sì ní ṣí i títí yóò fi tutù pátápátá. Àgbà ló máa ṣe é. Iṣẹ́ ọmọ ni kó pariwo pé "Ẹ má da omi sí i!" kó sì bọ́ síta.

Bákan náà, iná mànàmáná: kí ẹnikẹ́ni tó ronú omi, kí wọ́n kọ́kọ́ pa iná níbi mítà, torí omi tó wà ní ìkòkò àti omi ẹ̀rọ wa máa ń gbé iná wá bá ẹni tó dà á.

Kẹrosíìnì àti epo bẹntiróòlù tún jọra lójú ọmọ, wọ́n sì yàtọ̀ gan-an. Kẹrosíìnì gidi ní láti gbóná tó nǹkan bí ìwọ̀n 38 sẹ́ńtígíréètì, ó kéré tán, kí ooru tó ń ti ara rẹ̀ jáde tó lè gbaná. Bẹntiróòlù kò nílò ìyẹn: bí ó tilẹ̀ tutù nini, ohun tí a kò lè fojú rí ń ti ara rẹ̀ jáde, ó ń rọ́ wọ́lẹ̀ lọ, ó sì lè bá iná tó wà lápá kejì yàrá pàdé. Ìdí nìyẹn tí kẹrosíìnì tí wọ́n ti da bẹntiróòlù díẹ̀ lù fi máa ń bú gbàmù. Ìdí nìyẹn náà tí kẹ́ẹ̀gì epo jẹnẹrétọ̀ kò fi gbọdọ̀ sùn sínú ilé, tí a kì í sì í bu epo sí sítóófù tó ń jó lọ́wọ́, ì báà jẹ́ ọ̀gá ta ni ó ní kí ọmọ ṣe é. Gáàsì ìdáná náà wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló ń wọ́ sí. Kò ní òórùn fúnra rẹ̀. Wọ́n fi òórùn burúkú yẹn sí i kí imú wa lè mọ̀ pé ó ń jò ni. Ọmọ tó bá gbóòórùn rẹ̀ kò gbọdọ̀ tan iná, kò sì gbọdọ̀ pa èyí tó wà ní títàn, torí ẹ̀ta iná kékeré inú súwíìṣì ń bẹ nínú méjèèjì. Kó fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ ní ṣíṣí, kó jáde, kó pe àgbà láti ìta.

Ẹ jọ̀ọ́, kí olùkọ́ má jẹ́ kí ọmọ rò pé torí kó lè pa iná la ṣe kọ́ ọ ní gbogbo èyí. Kò sí iná kankan tó jẹ́ iṣẹ́ ọmọ láti pa. Àwọn àgbà wa ní bí iná bá ń jóni, tó ń jó ọmọ ẹni, tara ẹni là á kọ́kọ́ gbọ̀n. Kí ọmọ mọ òwe yẹn, kó sì mọ̀ pé báàgì, yúnífọ́ọ̀mù tuntun, fóònù, àní ajá pàápàá, kò sí èyí tí a torí rẹ̀ padà wọ ilé tó ń jó. Ìṣirò kékeré kan wà tó máa ń jẹ́ kí èyí wọ̀ wọ́n lára: bí ọkọ̀ panápaná bá wà ní kìlómítà 6 sí ilé yín, tó ń sáré kìlómítà 40 ní wákàtí kan, ìṣẹ́jú mélòó ló máa lò? Ìṣẹ́jú 9, tí kò bá sí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ní Lágere. Kí ọmọ wá fi aago ka ìṣẹ́jú kan ṣoṣo nínú kíláàsì, kó dijú, kó dákẹ́. Á rí i bó ṣe gùn tó.

Èéfín kì í dúró de ìṣẹ́jú 9. Òun ló ń pa ènìyàn ju ọwọ́ iná fúnra rẹ̀ lọ, ó sì máa ń kọ́kọ́ gòkè kún òrùlé kó tó máa sọ̀ kalẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó dára díẹ̀ á ṣì wà nísàlẹ̀, lẹ́bàá ilẹ̀. Olùkọ́ eré ìdárayá ló ni èyí. Lórí pápá, kí àwọn méjì na aṣọ gígùn kan mú ní gíga orúnkún, kí àwọn yòókù máa rá kòrò gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá kan aṣọ ti wọ inú èéfín nìyẹn. Ilẹ̀kùn tó bá wà ní títì, ẹ̀yìn ọwọ́ ni wọ́n á fi kàn án kí wọ́n tó ṣí i: bó bá gbóná, iná wà lẹ́yìn rẹ̀, kí wọ́n wá ọ̀nà mìíràn. Fún ẹni tí aṣọ ara rẹ̀ gbaná, kí gbogbo kíláàsì máa ké e pọ̀: "Dúró! Dùbúlẹ̀! Bojú! Yí gbirigbiri!" Kí wọ́n ké e, kí wọ́n ṣe é, títí tí ara á fi mọ̀ ọ́n, torí ẹni tí iná mú, sísá ni ara rẹ̀ máa ní kó sá, eré yẹn gan-an ló sì ń fẹ́ iná náà.

Bí iná bá ti bó ẹnì kan lára, omi tútù tó mọ́ ni, kó máa ṣàn sí ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 20. Mo mọ̀ pé nílé wa, epo pupa, ẹyin adìyẹ, ògì àti ọṣẹ ìfọnu ló máa ń kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn. Wọ́n ń há ooru mọ́ inú awọ ni, wọ́n sì ń kó ìdọ̀tí wọ ojú ọgbẹ́. Kí wọ́n tètè bọ́ òrùka, ẹ̀gbà àti ìlẹ̀kẹ̀ kúrò kí ibẹ̀ tó wú, kí wọ́n fi aṣọ tó mọ́ bò ó fẹ́rẹ́fẹ́, kí wọ́n sì gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn.

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí Yorùbá, torí èyí ló jọ ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú pé kò bá ọ̀rọ̀ mu. Nínú iṣẹ́ Yorùbá, wọ́n ń kọ́ ọmọ ní àròkọ aṣàpèjúwe: "Júwe ọjà ìlú yín", "Júwe ọ̀rẹ́ rẹ." Ilé mélòó ló ní nọ́ńbà tó ṣeé rí lẹ́yìn Ẹnuwá? Títì mélòó ló ní orúkọ lára pátákó? Ọmọ tó bá pe 112, nọ́ńbà pàjáwìrì tí gbogbo Nàìjíríà ń pè lọ́fẹ̀ẹ́, tó ní "Ẹ gbà wá o, ilé wa ń jó!" tó sì gé fóònù, kò tíì sọ nǹkan kan. Kí iṣẹ́ àṣetiléwá ọ̀sẹ̀ yẹn jẹ́ "Júwe ilé yín fún ẹni tí kò dé Ifẹ̀ rí." Kí wọ́n wá dìde ní kíláàsì, ọ̀kan di panápaná, èkejì ń pè:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Iná ń jó nílé wa. Ilé-Ifẹ̀ ni, ní Ìlódè. Ilé alájà kan ni, yẹ́lò ni ọ̀dà rẹ̀, ó kọjú sí mọ́ṣáláṣí, géètì dúdú ló ní. Kíṣìnnì ni iná náà ti bẹ̀rẹ̀. Gbogbo wa ti bọ́ síta, àfi màmá wa àgbà tí kò lè rìn, yàrá ẹ̀yìn lọ́wọ́ ọ̀tún ni wọ́n wà. Mo dúró sẹ́nu géètì láti júwe fún yín."

Gbogbo ohun tí wọ́n ń pè ní àpèjúwe tó já gaara ló wà níbẹ̀: ibi, àwọ̀, àmì, ẹni tó kù sínú ilé. Kí olùkọ́ máàkì í bó ṣe máa ń máàkì àròkọ. Kí ó sì tẹnu mọ́ ọn pé ìta ni wọ́n ti ń pe ìpè yìí, lẹ́yìn tí ẹni tó ń pè ti jáde.

Mo fẹ́ kí gbogbo ẹ̀kọ́ yìí jẹ́ ní Yorùbá, sáyẹ́ǹsì rẹ̀ pẹ̀lú, kì í sì í ṣe torí ẹ̀mí àṣà nìkan. Ifẹ̀ ti dán an wò ṣáájú wa. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà kan ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's "A" ní Mọdákẹ́kẹ́. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ náà ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti gbogbo iṣẹ́ yòókù láti kíláàsì kìíní títí dé ìkẹfà, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan. Nígbà tí wọ́n fi wọ́n wé àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́, àwọn ọmọ yìí kò rẹ̀yìn. Wọ́n tilẹ̀ ṣe dáadáa jù. Bó bá rí bẹ́ẹ̀ níbi ìdánwò, kí ni ká ti sọ níbi tí ẹ̀rù ti ń ba ọmọ, tí èéfín sì ti wọ̀ ọ́ lójú? Pátákó Gẹ̀ẹ́sì tó wà lára ògiri kò burú, àmọ́ kí ohùn tó máa dún lọ́kàn ọmọ lọ́jọ́ náà jẹ́ èyí tí kò ní kọ́kọ́ máa túmọ̀.

Àwọn iṣẹ́ yòókù kò gba àlàyé púpọ̀. Nínú iṣẹ́ àgbẹ̀, kí wọ́n sọ̀rọ̀ ọyẹ́ àti ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí ewé gbẹ tó jẹ́ pé iná tí ọmọdé ràn sígbó nítorí òkété kan lè jó oko kòkó tí bàbá ẹlòmíràn fi ogún ọdún tọ́jú. Kí wọ́n sì kọ́ bí a ṣe ń ro etí oko mọ́ ní fífẹ̀ kí iná má lè ré e kọjá. Nínú ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ, kí wọ́n mọ̀ pé ọdún 1901 ni iṣẹ́ panápaná ti bẹ̀rẹ̀ ní Èkó lábẹ́ ọlọ́pàá, pé ènìyàn bíi tiwa ni àwọn panápaná, pé ẹni tó pè wọ́n lórí irọ́ ti gba ọkọ̀ lọ́wọ́ ilé tó ń jó lóòótọ́.

Ti ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn ló gba ìfọ̀rọ̀wérọ̀ díẹ̀. Àwọn ọmọ ń gbọ́ pé iná kò jó Ṣádírákì, Méṣákì àti Àbẹ́dínígò, wọ́n ń gbọ́ pé iná tutù fún Ànábì Ibrahim, wọ́n sì ń rí eégún onídán tó ń yọ iná lẹ́nu lọ́jọ́ ọdún. Ọmọdé a máa fẹ́ dán nǹkan wò. Olùkọ́ tó sọ ìtàn náà ni kó fi kún un, lọ́jọ́ kan náà, pé iṣẹ́ ìyanu Ọlọ́run kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń fi ara rẹ̀ dánwò, pé ẹni tó bá fi kẹrosíìnì sẹ́nu láti ṣe bíi ti eégún náà lè gbé e wọ ẹ̀dọ̀fóró kó tó ṣáná sí i rárá.

Iṣẹ́ ọnà ló kù, òun ló sì máa kan òbí jù. Kí ọmọ ya àwòrán ilé wọn bí ẹni tó ń wò ó látòkè: yàrá, pálọ̀, kíṣìnnì, ilẹ̀kùn, fèrèsé. Kó fi pẹ́ńsù pupa fa ọ̀nà méjì láti ibi tó ń sùn títí dé ìta, kó sì sàmì sí ibi tí gbogbo ẹbí máa pàdé, bóyá abẹ́ igi máńgòrò tàbí iwájú ṣọ́ọ̀bù aládùúgbò, kí wọ́n lè ka orí ara wọn. Ọ̀nà àkọ́kọ́ kì í ni wọ́n lára. Ọ̀nà kejì ni ọ̀pọ̀ wọn kì í rí, torí irin bọ́gílárì ti dí gbogbo ojú fèrèsé, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sì ní àgádágodo tó jẹ́ pé bàbá nìkan ló mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà. Àwọn ọmọ á mú àwòrán yẹn bọ̀ wálé láti wá bi wá. Kí a má sọ fún wọn pé iṣẹ́ ọwọ́ wa pọ̀. Kí a sọ irin fèrèsé kan, ó kéré tán, di èyí tó ṣeé ṣí láti inú, kí a fi kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kọ́ síbi tí ọwọ́ ọmọ á tó, kí olè tó wà ní ìta má sì lè nawọ́ mú un. Lẹ́yìn náà, kí a pa iná yàrá lálẹ́ ọjọ́ kan, kí a ní kí wọ́n fi ọ̀nà tí wọ́n yà náà jáde, kí a sì wo aago.